Ẹ̀rọ Tó Ń Ṣọ́ Ìrìn Mi

Mo rántí ìró tí orúnkún mi ró ju bí mo ṣe rántí ìrora rẹ̀ lọ. Ó ró bí igi gbígbẹ tí èèyàn ṣẹ́ sínú ààrò. Orí pápá iléèwé wa ní Bàrígà ni, lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan. Mo fò sókè láti fi orí kan bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ òsì mi ló kọ́kọ́ balẹ̀, ẹsẹ̀ náà kọjú síbì kan, èmi kọjú síbòmíràn. Mo jókòó sórí iyanrìn, mo ń wo ẹsẹ̀ mi bí ẹni ń wo ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà, mo sì gbà pé láti Bàrígà títí dé Ọbaníkòró, kò sí ọmọbìnrin tó mọ bọ́ọ̀lù gbá tó mi. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ni mo máa ń sọ ọ́ fún, àti àwọn tí kò fẹ́ gbọ́ pàápàá.

Iṣan tó so egungun itan mọ́ ojúgun nínú orúnkún ló já. Àwọn dókítà la orúnkún náà, wọ́n mú díẹ̀ lára iṣan ẹ̀yìn itan mi, wọ́n fi dípò èyí tó já. Dókítà ya àwòrán rẹ̀ fún màámi, ó sì ṣàlàyé títí, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ tí màámi fún un yé mi ju ti dókítà lọ. Iṣẹ́ ìwé dídì ni màámi ń ṣe ní Ṣómólú. Bí àwọn onítẹ̀wé bá ti tẹ̀wé tán, òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń ká a, tí wọ́n ń tò ó, tí wọ́n ń rán an, tí wọ́n sì ń lẹ èèpo rẹ̀ mọ́ ọn. Ó wo àwòrán dókítà, ó mi orí, ó ní, "Ó ti yé mi. Ẹ̀yìn ìwé ló já, ẹ ti fi okùn mìíràn rán an. Ìwé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rán, a kì í ṣí i yàà."

Láti ọjọ́ náà, màámi ò ṣí mi rárá. Èmi nìkan ni Ọlọ́run fún un. Kí n tó jí, ó ti gbé omi ìwẹ̀ mi sílẹ̀. Bí mo bá fẹ́ mu omi, ẹnìkan nínú ilé ti dìde kí n tó la ẹnu. Ó ti kìlọ̀ fún gbogbo ayálégbé pé ẹni tó bá rán mi níṣẹ́, òun àti onítọ̀hún ni. Mo ju ọ̀pá abẹ́ apá mi nù, mo parí gbogbo ẹ̀kọ́ ìdárayá tí wọ́n ní kí n ṣe, orúnkún mi ò wú mọ́, síbẹ̀ àga kan wà níwájú ilé tí àwọn èèyàn ń pè ní àga mi. Inú mi ò bàjẹ́ sí i. Lójú ara mi, mo ti padà sẹ́nu ayé mi. Nírọ̀lẹ́, mo máa ń lọ sí pápá, mo máa ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, mo ń pariwo fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa títí ohùn mi á fi há.

Ọdún kan ń lọ pé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ nígbà tí dókítà onífísíò, obìnrin tó ń kọ́ mi ní ìdárayá ní ilé ìwòsàn Igbóbì, sọ pé òun ń ṣe ìwádìí kan. Ó fẹ́ mọ bí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣe irú iṣẹ́ abẹ tèmi ṣe ń lo ara wọn nílé, níbi tí ojú òun ò tó.

"Ṣé o ń lo ara ẹ dáadáa nílé?" ó bi mí.

"Dáadáa, mà. Kò síbi tí n kì í lọ."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ohun tí gbogbo wọn ń sọ nìyẹn, ìdí nìyẹn tí òun fi fẹ́ wọ̀n ọ́n. Ó ní kí n mú ọ̀rẹ́ kan wá, ẹgbẹ́ mi, tí orúnkún rẹ̀ kò ní àléébù, kí òun lè fi wá wé ara wa. Mo mú ọ̀rẹ́ mi àtikékeré lọ. Òun náà ni wọ́n fi sí ipò mi nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù iléèwé wa. Mi ò tíì dárí ìyẹn jì í nígbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ṣẹ̀ mí.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fún wa kò ju páálí ìṣáná lọ. Ó wà lára bẹ́líìtì rọ́bà tí a ń dè mọ́ ìbàdí, a ò gbọdọ̀ bọ́ ọ àfi tí a bá ń wẹ̀ tàbí tí a bá ń sùn. Kò ní ojú, kò ní etí, kò sì sọ nǹkan kan. Ìyẹn ló gbà mí lọ́kàn jù. Báwo ló ṣe mọ̀? Mo fọwọ́ lù ú, kò fọhùn. Mo jókòó jẹ́ẹ́, mo wá mi ejìká bí ẹni ń jó, mo ń ronú bóyá ó kà á sí ijó tàbí ó kà á sí ìjókòó. Mo béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ó mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń sáré tọ bọ́ọ̀lù lẹ́yìn àti ẹni tí ajá ń lé. Ó ní, "Ó mọ bí ara ṣe mì tó, àti ìgbà tó mì. Kò mọ ìdí." Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn délé, mo ń rò ó kiri. Ọ̀rẹ́ mi ní tiẹ̀ de bẹ́líìtì mọ́ ìdí, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Mo rò nígbà náà pé kò nífẹ̀ẹ́ sí ìmọ̀.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan pé, a padà lọ. Dókítà so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà, ó sì fi ìlà tí ẹ̀rọ yà fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan hàn wá. Ti ọ̀rẹ́ mi rí bí ilẹ̀ Èkìtì, òkè gba òkè. Tèmi tẹ́ pẹrẹsẹ bí ọ̀sà ní àárọ̀ tí afẹ́fẹ́ ò fẹ́. Mo ní bóyá ẹ̀rọ tèmi ti bàjẹ́. Dókítà gbé e dání, ó mì í, ìlà rẹ̀ fò sókè.

"Ìrọ̀lẹ́ ńkọ́?" mo ní. "Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mo wà ní pápá!"

Dókítà nàka sí ìrọ̀lẹ́ mi. Ó tẹ́ ju ọ̀sán lọ.

Ọ̀rẹ́ mi ló fọhùn, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ìwọ lo máa ń pariwo jù lórí pápá yẹn. Èmi náà rò pé ò ń sáré ni."

Ojú tì mí, mo sì tún fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ojú mi àti ẹnu mi ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù láti ọjọ́ yìí, ẹsẹ̀ mi wà lórí ìdúró. Dókítà ò bá mi wí. Ó ní kí àwa méjèèjì wọ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan sí i, kí n má yí ohunkóhun padà, kí n ṣáà máa gbé ayé mi. Nígbà tí mo sọ fún màámi, ó bínú. "Ẹ̀rọ wọn ń fi ọmọ mi ṣẹ̀sín. Ṣé wọ́n fẹ́ kó tún já ni?"

Iléèwé ti gba ọlidé nígbà náà, ìwé àwọn ọmọ iléèwé sì pọ̀ lọ́wọ́ àwọn onítẹ̀wé. Ní àárín ọ̀sẹ̀ yẹn, òṣìṣẹ́ màámi kan gbéra lọ sí ìlú rẹ̀ lọ sin òkú, ọwọ́ ò wá tó mọ́. Màámi ní kí n tẹ̀lé òun lọ sí Ṣómólú, kí n jókòó, kí n máa bá òun ká ìwé. Mo jókòó. Ṣùgbọ́n ìwé tí a ká tán, a gbọ́dọ̀ tò ó. Wọ́n ń tò ó ní òkìtì òkìtì yí tábìlì gígùn kan ká, ojú ewé kìíní níbí, èyí tó tẹ̀lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn tó ń tò ó á sì máa yí tábìlì po, wọ́n á máa mú ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ìwé kan á fi pé. Kò sẹ́ni tó lè jókòó ṣe é. Mo wo tábìlì náà, mo wo àyè òṣìṣẹ́ tó lọ sílé, mo sì dìde. Màámi rí mi. Ó la ẹnu, oníbàárà kan sì wọlé tó ń béèrè iṣẹ́ rẹ̀, ó bá pa ẹnu dé. A ń yí tábìlì po láti àárọ̀ títí oòrùn fi ń lọ sílé. A ń sọ̀rọ̀, a ń fi ọ̀rọ̀ obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ ń hanrun ṣẹ̀fẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ilé kejì ń ró gbọ̀ngbọ̀n lábẹ́ ọ̀rọ̀ wa.

Màámi fúnra rẹ̀ bá wa lọ nígbà tí a máa dá ẹ̀rọ padà. Pẹrẹsẹ ni tèmi tún rí, àfi ọjọ́ kan ṣoṣo tó yọ sókè láàárín wọn bí òkúta láàárín omi.

"Kí lo ṣe lọ́jọ́ yìí?" dókítà bi mí. Ó ti fa àga rẹ̀ sún mọ́ kọ̀ǹpútà.

"Mi ò ṣe nǹkan kan, mà. Ṣọ́ọ̀bù màámi ni mo wà."

"Ìwé ló bá wa tò," màámi ní. "Ó ń yí tábìlì po."

"Látàárọ̀, Màmá?"

"Títí dìrọ̀lẹ́."

Dókítà yíjú sí mi. "Orúnkún ẹ ńkọ́? Ṣé ó dùn ẹ́?"

"Mo gbàgbé láti wò ó," ni mo sọ.

Ó ní kí n dìde, kí n fi ẹsẹ̀ òsì nìkan fò díẹ̀. Mo dìde, mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, mi ò sì lè fò. Kì í ṣe pé ó dùn mí. Ìró ọjọ́ yẹn ni mo ń gbọ́. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Dókítà fọwọ́ tẹ orúnkún mi, ó ní, "Iṣan yìí ti jinná. Kí ló wá dì ẹ́ mú?"

Màámi ní, "Èmi ni. Èmi ni mo ní kí wọ́n má jẹ́ kó ṣe nǹkan kan. Ẹ̀rù ló ń bà mí, Dókítà."

"Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan, màámi," mo ní. "Ẹ̀rù ń ba èmi náà." Mi ò tíì sọ bẹ́ẹ̀ sétí ẹnikẹ́ni rí, títí kan etí ara mi.

Dókítà ò wàásù. Ó pa kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀rọ ò mọ ẹ̀rù. Òfo ló ń kọ sílẹ̀ fún un. Ẹ jẹ́ kó máa wá to ìwé, Màmá." Ó gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ mi àti lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, a sì kúrò níbẹ̀.

A gba Ṣómólú lọ tààrà, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn òṣìṣẹ́ ti to ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ èèpo rẹ̀ sórí pákó níwájú ṣọ́ọ̀bù, kí oòrùn lè gbẹ gọ́ọ̀mù. A ò tíì dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí ojú ọ̀run ṣú láti apá ọ̀sà, ẹ̀kán òjò ńlá ńlá sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Màámi kígbe. Ohun tí mo mọ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni pé ìwé kún àyà mi, mo ti wọ ṣọ́ọ̀bù, mo ti jáde, mo ti tún wọlé. Mo fo gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù ní àlọ àti ní àbọ̀. Ìgbà tí pákó ṣófo ni mo tó rí ọ̀rẹ́ mi tó dúró nínú òjò, tó la ẹnu sílẹ̀.

"O sáré o!" ó ní. "Ìwọ yìí, o fo gọ́tà!"

Màámi gbé ìwé rẹ̀ kalẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ níwájú mi, ó sì fi ọwọ́ tútù rẹ̀ gba orúnkún mi mú, lórí àpá náà gan-an. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti là á, kò fọwọ́ kàn án rí. Ó dì í mú títí, bí ẹni ń gbọ́ nǹkan láti inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, mi ò mọ èyí tó jẹ́ òjò. Èmi sì fọwọ́ kan ìbàdí mi. Mo ń wá ẹ̀rọ. Mo fẹ́ mọ bí òkè ọjọ́ yẹn ì bá ti ga tó.

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún dókítà, ó pàtẹ́wọ́, ó ní kò sí bí òun ṣe lè kọ ọ́ sínú ìwádìí òun, ṣùgbọ́n òun ti gbọ́. Mo padà sórí pápá díẹ̀díẹ̀. Wọn ò dá ipò mi padà fún mi, ẹ̀yìn ni wọ́n fi mí sí, ọ̀rẹ́ mi wà níwájú, mo sì rí i pé bí èèyàn bá wà lẹ́yìn, gbogbo pápá ló ń rí.

Ó ti ju ọdún mẹ́wàá lọ báyìí. Orúnkún màámi ló ń dùn ún nísinsìnyí, ti àgbà ni, kò sí iṣan kankan tó já. Èmi ni mo ń gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀. Èmi ni mo ń pariwo pé, "Ẹ jókòó, màámi, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín mú un wá!" Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ kí ẹnìkan ní òpin àdúgbò. Mo ní kí n pe kẹ̀kẹ́. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Tẹ̀lé mi bó bá wù ẹ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n má dì mí mú."

Mo tẹ̀lé e lẹ́yìn, mo pa ọwọ́ mi mọ́ra. Ó ń gbé ẹsẹ̀ kan, ó ń sinmi, ó ń gbé èkejì, ó ń kí àwọn tó jókòó síta. Ó wù mí kí n mọ ohun tó ń rò nígbàkigbà tí ẹsẹ̀ yẹn bá fẹ́ balẹ̀. Mi ò bi í. Mo ń rìn bó ṣe ń rìn.