Ẹ̀rọ Tó Gba Ẹ̀rín Mọ́ Gorm Lọ́wọ́

Ogún ọdún ni Gorm Overby fi pa ọ́fíìsì wa nílùú Aarhus ní Denmark lẹ́rìn-ín. Ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn èèyàn fi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi la ń kọ níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín. Bó bá yẹ iṣẹ́ ẹni wò, á kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sábẹ́ rẹ̀. Ó kọ sábẹ́ tèmi nígbà kan pé, "Ó ń ṣiṣẹ́. Má bi mí léèrè ìdí." Mo ṣì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń báni kọ kóòdù dé, inú Gorm dùn, torí ẹ̀rọ náà kò mọ ẹ̀fẹ̀ kankan. Ohunkóhun tí a bá bi í, á kọ́kọ́ yìn wá: "Ìbéèrè tó dára gan-an nìyẹn." Ìyìn kì í dùn mọ́ wa. Bodil, ọ̀gá wa, wá ní kí Asta, ọ̀kan lára wa tó ń kọ kóòdù, tún ìwà ẹ̀rọ náà ṣe. Asta kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi jókòó ti ojú ìwé kan, èyí tí ẹ̀rọ náà máa ń kà kó tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ó kọ sínú rẹ̀ pé: má yin ẹnikẹ́ni, sọ̀rọ̀ ní ṣókí, bí o bá fẹ́ dápàárá, ara rẹ ni kí o fi ṣe é.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń ka ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà síta nídìí búrẹ́dì dúdú àti ẹja lọ́sàn-án.

"Ẹ gbọ́ ohun tó sọ fún mi," ni Bodil wí. "Ó ní, 'Mo ti ń wá ẹni tó ṣe àṣìṣe yìí láti àárọ̀. Èmi ni.'"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Gorm ń fi ọ̀bẹ tẹ́ bọ́tà.

"Bàbá àgbà, èyí ò pa ọ́ lẹ́rìn-ín?" Asta bi í.

"Mo ti gbọ́ ọ rí."

"Níbo?"

"Lẹ́nu mi."

Èmi tí mo jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ń rí i. Gbólóhùn kan ṣoṣo, á kọ ọ́, á pa á rẹ́, á tún un kọ. Kò sẹ́ni tó ń ka tirẹ̀ síta mọ́. Owú tó ń jẹ lórí ẹ̀rọ náà dà bí eyín tó ń ro ó, kò sì lè yé fi ahọ́n tọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, ó ṣí ojú ìwé Asta, ó fi ìlà kan kún un nísàlẹ̀: máa dápàárá nínú gbogbo ohun tí o bá kọ. Ó rò pé láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀rọ náà á ti sú wọn.

Ìjì jà ní Wẹ́sidé, ọkọ̀ kò lè gbéra. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ náà kọ sínú ètò wa lọ́jọ́ tó ṣáájú, tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò, ló jáde sórí fóònù àwọn èrò: "Ọkọ̀ kò lọ. Òkun ṣì wà níbẹ̀, bí o bá mọ̀ ọ́n wẹ̀." Obìnrin kan tó fẹ́ lọ sìnkú arákùnrin rẹ̀ ní erékùṣù pè wá, ó ń sunkún.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ba iṣẹ́ jẹ́ ló ń gbé kéèkì wá lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Gbogbo ojú yí sí Asta.

"Màá gbé e wá," ló wí. Gorm yíjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ní Tọ́sìdeè, kéèkì méjì ló wà lórí tábìlì: èyí tí Asta ṣe nílé, àti èyí tí Gorm rà nílé epo.

"Ta ló ni èyí?" Bodil béèrè.

"Èmi ni," ni Gorm wí. "Èmi ni mo fi ìlà yẹn kún un. Mo ti pe obìnrin yẹn láàárọ̀, mo bẹ̀ ẹ́."

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni," ni Asta wí. "Mo rí orúkọ rẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà lánàá."

"Kí ló dé tí o fi gbé kéèkì wá?" Gorm bi í.

"Ẹ̀rọ mi ni."

Ká ní Asta bú Gorm ni, ì bá sàn fún un. Asta fa àga fún un, ó ní kó pa ìlà rẹ̀ rẹ́ fúnra rẹ̀. Ó pa á rẹ́.

"Ó yá, dán an wò."

Gorm tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé: ta ló yẹ kó gbé kéèkì wá lónìí?

Ẹ̀rọ náà dáhùn: "Èmi. Ṣùgbọ́n n kò lọ́wọ́, n kò lẹ́nu. Ẹ bá mi gbé e, kí ẹ sì bá mi jẹ ẹ́."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Gorm kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ó yẹ kí èmi ti rò ó," ló wí jẹ́ẹ́. Ó gé díẹ̀ nínú kéèkì tirẹ̀, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.