Kámẹ́rà Tó Rí Ojú Abẹ́rẹ́

Abẹ́rẹ́-Ò-Gbọdọ̀-Sọnù ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá aránṣọ yìí, òun náà a sì máa jẹ́ ẹ. Bí abẹ́rẹ́ kan bá bọ́ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, iṣẹ́ dúró nìyẹn: ẹni tó wá gba aṣọ, ẹni tó kàn yà kí i, gbogbo wọn á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ máa wá a. Ẹ ní ó le? Ó le lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wá ẹnì kan tó wọ aṣọ tí ìyá yìí rán, tí ọwọ́ aṣọ náà fún un lápá. Ẹ ò ní rí.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Nígbà tọ́mọ náà wà nílé, bí wọ́n bá ní kó wá kọ́ṣẹ́, á ní òun ò lè jókòó sídìí maṣíìnì títí ayé. Àfi bó ṣe relé ọkọ, nílùú tó jìnnà, ló bá lọ kọ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ló bá ṣí ṣọ́ọ̀bù! Ìyá ò bínú, ó kàn ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ ni. Gbogbo nǹkan lọmọ yìí mọ̀ ọ́n rán, ọwọ́ aṣọ nìkan ni kì í gún. Oníbàárà kan ti dá aṣọ padà fún un lẹ́ẹ̀mejì.

"Màmá," ó sọ ọ́ lórí fóònù tẹkúntẹkún, "ó ń bọ̀ lọ́túnla. Bí ọwọ́ aṣọ yìí ò bá tún gún, mo máa ti ṣọ́ọ̀bù yìí pa. Ó ti sú mi."

Ìyá gbìyànjú láti ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ọwọ́ aṣọ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fẹnu júwe, ọwọ́ ẹni tó ń rán an ni wọ́n ń wò. Fóònù tiẹ̀ sì rèé, onítọ́ọ̀ṣì ni. Ló bá gba ọ̀dọ̀ oníkámẹ́rà lọ.

"Ọmọ mi, kámẹ́rà fídíò ni mo wá rà. Mi ò lò ó rí, má sì gbé ohun tó máa tán mi lówó wá o."

Oníkámẹ́rà gbé ọ̀kan jáde, bọ́tìnnì wà lára rẹ̀ yí ká. "Màmá, irú èyí làwọn tó ń ya fíìmù ń lò."

"Ta ló ní mo fẹ́ ya fíìmù? Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́."

Ó yọ abẹ́rẹ́ àti òwú lára kọ́là ẹ̀wù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki òwú bọ abẹ́rẹ́ níwájú kámẹ́rà. Nínú kámẹ́rà ńlá, abẹ́rẹ́ rí bàìbàì bí èéfín. Oníkámẹ́rà ní ohun tó bá jìnnà nìyẹn ń rí dáadáa. Ó wá mú àlòkù kékeré kan wá láti igun. Háà! Ojú abẹ́rẹ́ hàn kedere, òwú ń wọlé.

"Èyí ni tèmi," ni ìyá wí.

Oníkámẹ́rà rẹ́rìn-ín, ó kọ́ ọ ní bó ṣe máa tàn án. "Kẹ́ ẹ sì máa sọ̀rọ̀ ketekete o, Màmá."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi lọ́rọ̀ sísọ ni?"

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé kámẹ́rà sórí pẹpẹ kó máa wo tábìlì, ó rán ọwọ́ aṣọ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ń ṣàlàyé lọ ràì. Inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn. Nírọ̀lẹ́, oníkámẹ́rà bá a fi ránṣẹ́ sórí fóònù ọmọ. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n tó jọ jókòó wò ó.

Ọwọ́ hàn, òwú hàn. Ohùn wá ńkọ́? "Hùn-ùn, m̀m̀, hún-ùn." Oníkámẹ́rà wo ìyá, ìyá wo kámẹ́rà. Píìnì! Bọ́wọ́ rẹ̀ bá ti kan aṣọ, píìnì á ti tò sáàárín ètè rẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí kò ti mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀.

"Yéè! Mo gbé! Oníbàárà ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la!"

Ilẹ̀ ti ṣú, kò sí àtúnṣe. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó jókòó ti maṣíìnì, kò lè rán nǹkan kan. Fóònù dún.

"Màmá, ó gún o! Oníbàárà wọ̀ ọ́, ó gbápá sókè, ó ní òun ò bọ́ ọ mọ́!"

"Ọmọ mi, báwo lo ṣe gbọ́ ohun tí mo sọ? Píìnì wà lẹ́nu mi o."

"Ẹ̀yin náà! Ìgbà wo ni píìnì ò sí lẹ́nu yín? Ṣebí abẹ́ tábìlì yẹn ni mo dàgbà sí. Ẹ ní kí n má fà á, kí n sún un jọ díẹ̀díẹ̀, kó jẹ́ orí èjìká ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ pa kámẹ́rà, ẹ ní kí n má gbàgbé láti jẹun."

Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ṣé o wá jẹun?"