Ìṣẹ́tí Pupa Lára Aṣọ Ìbora Méjìlá

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀sán ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹwàá, ni mo kọ́kọ́ wọ pálọ̀ àwọn tó ń rán aṣọ ní Bódìjà. Mo rántí aago náà nítorí pé mo ti dé ṣáájú àkókò, mo sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì títí ara mi fi balẹ̀. Ara mi kì í tètè balẹ̀. Láti oṣù kẹfà tí mo ti gba oyè ní yunifásítì ni mo ti ń retí lẹ́tà iṣẹ́ olùkọ́, kò sì dé. Ẹni tí kò níṣẹ́ máa ń rò pé ọwọ́ òun ni gbogbo ayé ń wò. Bó ṣe ń ṣe mí nìyẹn.

Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ló ni pálọ̀ náà. Ìyá Alága ni a ń pè wọ́n. Àwọn ló ní kí n máa bọ̀, pé ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí kan wà lọ́nà Ṣàngó, ọmọ méjìlá ló wà níbẹ̀, kò sì sí èyí tó ní aṣọ ìbora tirẹ̀. Ọyẹ́ sì ń bọ̀. Obìnrin mẹ́fà ló ń pàdé níbẹ̀, ìyàwó àlùfáà wa àti àwọn olùkọ́, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ ọlọ́wọ́ méjì. Oníkálukú á kó àlòkù aṣọ wá láti ilé, ìró tó ti gbó, bùbá tí kò gba ẹni mọ́. A ó sè é, a ó fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, a ó fi páálí wọ̀n ọ́n gé ní igun mẹ́rin-mẹ́rin, a ó wá rán wọn pọ̀. Àpò ìyẹ̀fun tí a fọ̀ títí òǹtẹ̀ ara rẹ̀ fi parẹ́ ni a fi ń ṣe inú rẹ̀.

N kò mọ aṣọ rán. Gígé ni wọ́n ní kí n máa gé. Ìyàwó àlùfáà, tó fẹ́ràn láti máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀, bi mí lọ́jọ́ kan bóyá wọ́n máa ń kọ́ èèyàn ní yunifásítì bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, àbí ọdún tí mo jáde tán ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo délé, mo rò ó di ọjọ́ kejì. Kì í ṣe pé inú bí mi. Ohun tó dùn mí ni pé òótọ́ ni, àti pé mo fẹ́ kí nǹkan kan wà tí wọn kò ní lè rí ṣe láìsí mi.

Nítorí náà, nígbà tí Ìyá Alága béèrè ohun tí a ó fi ṣẹ́tí àwọn aṣọ náà, mo dáhùn kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Mo ní kí a ra aṣọ pupa, kí a gé e ní ṣóńṣó-ṣóńṣó bí eyín ayùn, kí a fi yí etí wọn ká. Mo yà á sórí páálí. Ó wù wọ́n. Wọ́n béèrè ibi tí mo ti rí i, mo ní èmi ni mo rò ó fúnra mi, mo sì gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Èmi náà ni mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Dùgbẹ̀ lọ ra aṣọ pupa yẹn. N kò tíì láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ṣe ìdánwò àṣekágbá.

Oníkálukú mú aṣọ méjì lọ sílé lọ ṣẹ́tí. Bí wọ́n ṣe ń dá wọn padà ni a ń ká wọn sínú àpótí. Kò sẹ́ni tó tẹ́ ìkankan wò.

Sátidé kejì nínú oṣù kejìlá ni a kó wọn lọ. Ọyẹ́ ti dé. Mẹ́tírọ̀n ilé náà ní kí a sá wọn sórí okùn ní àgbàlá, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè yan èyí tó wù ú. A sá méjèèjìlá. Atẹ́gùn sì gbé wọn: àǹkárá, àdìrẹ àti léèsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, etí pupa ṣóńṣó ń jó yí wọn ká. Àwọn ọmọ jáde, wọ́n dúró, wọ́n wò ó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sá. Mọ́kànlá nínú wọn sá lọ sẹ́yìn ilé ìdáná.

Ìyá kan wà tó máa ń fọ aṣọ níbẹ̀, ọmọ Ìbàdàn, láti ìgboro ló ti ń wá. Wọ́n dìde nídìí ọpọ́n pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́, wọ́n wo okùn náà láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì.

"Ẹ̀yin ìyá ìjọ," ni wọ́n wí, "ta ló kọ́ obìnrin ní ẹ̀kú rírán?"

Aṣọ eégún ni wọ́n ń sọ. Ìgbà náà ni mo tó rántí. Mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà nílé bàbá mi àgbà, eégún ń kọjá lójúde, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wa nítorí pé ilé onígbàgbọ́ ni ilé wa. Mo yọjú níbi àlàfo fèrèsé. Ohun tí mo rí kò ju etí aṣọ pupa kan tó ń yí lọ, kí ìyá mi tó fà mí sẹ́yìn. Etí yẹn ni mo yà sórí páálí. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ pé ó yà mí lẹ́nu ju bó ti tì mí lójú lọ, pé nǹkan lè wà nínú èèyàn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó má mọ̀.

Ọmọ kejìlá kò sá. Ọmọbìnrin ni, á tó ọmọ ọdún méje. Oṣù mẹ́ta péré ló tíì lò níbẹ̀, mẹ́tírọ̀n sì ti sọ fún wa pé kì í sọ̀rọ̀, oúnjẹ kì í sì í lọ lẹ́nu rẹ̀. Ó rìn lọ sídìí okùn, ó kó sábẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣọ náà títí ó fi ku ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan.

"Ti ilé wa ni," ó wí látinú rẹ̀. "Inú rẹ̀ ni bàbá mi máa ń..."

Ìyá afọṣọ ti dé ibẹ̀. Wọ́n ká aṣọ náà sókè, wọ́n fi ọwọ́ ọlọ́ṣẹ bò ó lẹ́nu.

"Obìnrin kì í sọ ọ́, ọmọ mi. Mo ti gbọ́. Má sọ ìyókù."

Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, a pàdé. Ìyàwó àlùfáà ní ó kù díẹ̀ kí wọ́n máa pe ìjọ wa ní ìjọ eléégún, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá Alága ní kí a tú ìṣẹ́tí náà, méjèèjìlá, kí a fi funfun dípò rẹ̀, àti pé èmi tí mo mú un wá ni n ó tú u. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Mo fi bíléèdì tú mọ́kànlá tí a kó bọ̀, àwọn yòókù fi funfun ṣẹ́tí wọn; ìkejìlá ṣì wà lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà. Nígbà tí mo kó wọn padà lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn ọmọ gbà wọ́n lọ́wọ́ mi bí ẹni pé wọn kò rí wọn rí.

Ìkejìlá ni mo fẹ́ gbà bọ̀. Mo bá ọmọbìnrin náà níbi tó ti ń jẹ ẹ̀kọ, ó ró aṣọ náà mọ́dìí. Mẹ́tírọ̀n ní láti ọjọ́ yẹn ló ti ń jẹun, ó sì ti ń sọ̀rọ̀.

"Aǹtí, tí ìjọ bá ní kí ẹ gbà á, n kò lè dá yín dúró," ni mẹ́tírọ̀n wí. "Ṣùgbọ́n ọwọ́ ara yín lẹ ó fi gbà á lára rẹ̀."

Mo kúnlẹ̀ tì í. Ó bi mí bóyá èmi ni mo rán an. Mo ní èmi ni mo gé e.

"Ẹ gbàgbé owó ẹyọ," ó wí. "Owó ẹyọ máa ń wà lójú rẹ̀."

Mo dìde, mo fi aṣọ náà sílẹ̀ fún un. Mo padà sí Bódìjà, mo sọ fún Ìyá Alága pé wọ́n ti fọ aṣọ náà, kò tíì gbẹ. N kò purọ́ fún wọn rí. Wọ́n ní kò burú, ìpàdé ti dáwọ́ dúró nítorí Kérésìmesì, kí n mú un wá ní Sátidé kejì nínú oṣù kìíní, ní aago mẹ́rin.

Mo ti rò ó pé kí n rán aṣọ funfun lé ìṣẹ́tí pupa náà, kó wà lábẹ́ níbi tí ojú kò ti ní tó o. Ṣùgbọ́n irọ́ kejì nìyẹn, ọmọ náà yóò sì rò pé mo pa á rẹ́. Tí mo bá gbà á, mo mọ ohun tí n ó gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Tí n kò bá gbà á, àwọn obìnrin tó gbà mí nígbà tí n kò rí nǹkan ṣe yóò mọ̀ pé mo tàn wọ́n, ẹ̀rù wọn sì ń bà mí ju bó ti yẹ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́ ọmọ, tí ẹ sì ti jókòó nínú ẹgbẹ́ ìjọ, ẹ bá mi dá sí i. Kí ni kí n sọ nínú pálọ̀ yẹn lọ́jọ́ Sátidé, ta sì ni kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún?