Bàbá Òṣùwọ̀n àti Iṣan Rẹ̀

Ọjọ́ tí ìdílé ọkọ ọmọ wọn pe káfíńtà kan àti ìyàwó rẹ̀ wá jẹun ni okìkí ọkùnrin náà kàn kọjá àdúgbò. Oúnjẹ ti délẹ̀, oníkálukú ti mú ṣíbí. Òun ní tiẹ̀ ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ òṣùwọ̀n kékeré kan, ó sì gbé itan adìẹ lé e lórí. Ìyàwó rẹ̀ tẹjú mọ́lẹ̀ bíi pé kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì.

Bàbá ọkọ ọmọ wọn, ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan tó fẹ́ràn àwàdà, ní, "Àna mi, ṣé ẹ fẹ́ ra adìẹ náà ni?"

"Rárá o." Ojú káfíńtà kò kúrò lára òṣùwọ̀n. "Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó tó ni. Kò tó. Ẹ bá mi fi ọ̀kan sí i."

Bó ṣe di Bàbá Òṣùwọ̀n nìyẹn, ó sì gba orúkọ náà bí ẹni gba oyè.

Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, ló mọ ibi tí gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀, apá tó ti ń fá pákó látìgbà èwe bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, ikùn sì ń yọ síta. Dókítà ní ṣúgà ara rẹ̀ ti ń ga. "Bàbá, iṣan yín náà sì ti ń lọ."

Bàbá yẹ apá ara rẹ̀ wò. "Níbo ló ń lọ láìdágbére?"

Dókítà ní kó dín búrẹ́dì, ìrẹsì àti ohun dídùn kù, kó máa jẹ ẹran, ẹja àti ẹyin dáadáa, kó sì máa gbé irin ní jíìmù, ilé eré ìmárale. Àmọ́ Bàbá kì í ṣe nǹkan ní ìlàjì. Ó lé búrẹ́dì, ó lé epo, ó lé ẹ̀wà pàápàá, ó wá ku òun àti funfun ẹyin nìkan nílé. Kò pẹ́ tí ìkíni ẹ kú àárọ̀ lásán fi ń bí i nínú. Nígbà tó yá, ó dùbúlẹ̀ láti gbé irin ní jíìmù, ó sì sùn lọ fọnfọn.

"Bàbá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jí!" Kóòṣì tó ń kọ́ ọ níbẹ̀, ọmọbìnrin tí kò ju àbíkẹ́yìn rẹ̀ lọ, ti fẹ́ máa sunkún.

Ó la ojú kan. "Má pariwo. Iṣan ń hù."

Kóòṣì jókòó tì í, ó sì ṣàlàyé ohun tó sọnù nínú oúnjẹ rẹ̀. Bí Bàbá ṣe délé, ó lọ bá ìyàwó rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ìyá ọmọ mi, àga tí kò ní ìṣó la ti ń kàn! Amúaradàgbà, ẹran àti ẹyin, ni pákó. Ọ̀rá ni epo tó ń wa ẹ̀rọ. Afúnnilókun, ìrẹsì àti búrẹ́dì, wá ni ìṣó. Kò gbọdọ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá sí rárá, àga á wó."

"Ṣé ẹ̀wà lè padà wálé báyìí?"

"Kó kọ́kọ́ gun òṣùwọ̀n ná."

Ìyàwó náà ló kọ́kọ́ rí i pé apá náà ti ń padà bọ̀ sípò, nítorí pé òun ló ń tú apá aṣọ ọkọ rẹ̀ tó ti ń fún un, tó sì ń tún un rán.

Ọdún tí ẹsẹ̀ ìyàwó náà ṣẹ́, òkè pátápátá ilé alájà ni wọ́n ń gbé. Àna sìgbọnlẹ̀ ní òun ni kí wọ́n jẹ́ kó pọ̀n ọ́n gòkè. Kò tíì dé àjà kejì tó fi jókòó, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bàbá Òṣùwọ̀n bẹ̀rẹ̀, ó gbé ìyàwó rẹ̀ pọ̀n, ó sì ń gòkè lọ díẹ̀díẹ̀.

"Ṣé mi ò wúwo jù?" ló bi í létí.

Ọkùnrin tí kì í jẹ ẹyin láìwọ̀n ọ́n dá a lóhùn pé, "Ìwọ kọ́ ni mo ń wọ̀n."

Ó fi ojú pamọ́ sí ẹ̀yìn ọrùn ọkọ rẹ̀ kí àna má bàa rí omijé rẹ̀.

Ojú oorun ni Bàbá kú sí, lẹ́yìn tó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́. Kóòṣì kó àwọn géńdé jíìmù wá gbé pósí. Wọ́n ti rò pé fẹ́ẹ́rẹ́ ni arúgbó á jẹ́. Wọ́n gbé e, kò gbé. Wọ́n wo ara wọn lójú.

"Bàbá yìí mà wúwo o," ni ọ̀kan nínú wọn sọ jẹ́ẹ́jẹ́.

Àna, tí ojú rẹ̀ ti pọ́n fún ẹkún, ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ni gbogbo ilé bá gbà á. Aránṣọ gbé orí sókè.

"Ẹ rọra o," ló wí. "Iṣan ni gbogbo ẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ́ ọ."

Wọ́n tún ọwọ́ mú dáadáa, wọ́n sì gbé e sókè.