Wáyà Tí Mo Dá Padà Sínú Ọ̀rá

Nígbà tí àìsàn dá ọkọ mi dùbúlẹ̀, ìyá rẹ̀ ni ó fẹ́ rí kí òun tó kú. Ó ti pẹ́ tí ìyá náà ti kú ní Ìgànná, ṣùgbọ́n ọkọ mi ti ya fídíò rẹ̀ níbi tí ó ti ń yan gàrí, ó sì fi í pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ wa. Inú háàdì, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan pamọ́ sí, ni fídíò náà wà. Wáyà tí ó so háàdì yìí mọ́ mọ́dábọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà, ni eku jẹ já.

Àbúrò ọkọ mi ra wáyà tuntun wá láti Ìsẹ́yìn, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó sì padà lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ ọkọ mi ti ń gbọ̀n, nítorí náà èmi ni yóò fi í sí i. Mo ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá rẹ̀: mẹ́fà. Mo wo ìwé kékeré tí ó bá kọ̀ǹpútà wá: mẹ́ta.

Sólà ni a ń lò nílé wa ní Ṣakí. Ní ọdún tí ó ṣáájú, èmi fúnra mi ni mo so rédíò tó ń lo fóltì méjìlá mọ́ bátìrì fóltì mẹ́rìnlélógún. Àmì èéfín rẹ̀ ṣì wà lára ògiri. Mo dá wáyà náà padà sínú ọ̀rá.

“Ìyá àwọn ọmọ, ṣé o ti fi í sí i?”

“Agbára rẹ̀ ti pọ̀ jù. Yóò jó kọ̀ǹpútà yín. Ẹ jẹ́ kí n wá èyí tó bá a mu.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹni tó jó rédíò mi ló wá ń bẹ̀rù iná báyìí.”

“Ẹ má yọ mí lẹ́nu, jàre.”

Ó tún bi mí ní ọjọ́ Jímọ̀. Kò bi mí mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n sin ín.

Mo ṣe opó fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Kọ̀ǹpútà náà wà nínú yàrá pẹ̀lú mi, mo fi aṣọ bò ó. Ọjọ́ tí mo jáde, mo gbé òun àti wáyà inú ọ̀rá náà lórí ọ̀kadà lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́bàá gáréèjì. Mo bi í bóyá ó ní wáyà oní-mẹ́ta.

“Màmá, èyí tó wà lọ́wọ́ yín ńkọ́?”

“Mẹ́fà ni.”

“Eré tó lè sá ni mẹ́fà yẹn, kì í ṣe iná. Bí kọ̀ǹpútà yín ò bá lè sá ju mẹ́ta lọ, wáyà á bá a rìn ní mẹ́ta. Kò ní jó nǹkan kan.”

Ó tẹ wáyà náà wọlé. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ó ṣí fídíò náà.

Ìyá ọkọ mi yọ nínú èéfín, igbá lọ́wọ́. “Gbé nǹkan yẹn kúrò lójú mi, ọmọ yìí, gàrí mi ń jó!” Mo gbọ́ ẹ̀rín ọkọ mi. Òun ló di kámẹ́rà mú, a kò rí i.

Ọkùnrin náà bi mí bóyá kí òun dá a dúró. Mo ní kí ó jẹ́ kí ó parí. Ọ̀rá náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wáyà náà lò nínú ilé wa kí ọkọ mi tó kú.