Tíṣà Tí Kọ̀ǹpútà Gbà Síṣẹ́ Lọ́jọ́ Àìkú

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà oṣù kọkànlá ọdún 1989, ni Jemima Mákindé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà ní Igbogila. Lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á sọ bẹ́ẹ̀. Ìwé tí àwọn olùkọ́ ń fọwọ́ sí láràárọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ọdún márùndínlógójì ni òfin fún un. Oṣù kọkànlá ọdún 2024 ló yẹ kó fẹ̀yìn tì.

Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹfà ọdún 2024 náà ni wọ́n mú lẹ́tà wá bá a ní kíláàsì: ọdún yín ti pé, ẹ kó ẹrù yín. Ìdánwò àṣejáde àwọn ọmọ Pírámárì Síìsì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Ó gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó gun ọ̀kadà lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́.

Dámilọ́lá tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà níbẹ̀ kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹfà 1989 ló wà níbí, mà. Kọ̀ǹpútà kì í parọ́. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó, ẹ lọ sinmi.”

“Ta ló bẹ̀ ọ́ ní ìsinmi? 06/11/1989 ni mo kọ sí fọ́ọ̀mù. Lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ ló ń ṣíwájú oṣù. Àwọn tó ń sọ Faransé lódìkejì ẹnubodè Ẹ̀gùá pàápàá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́.”

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. Nígbà tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà, oṣù ni ẹ̀rọ náà ń kà ṣáájú, bíi tàwọn ará Amẹ́ríkà, kò sì sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣàíbù, tí òun àti Jemima jọ ń ṣiṣẹ́, wọlé ní 20/11/1989. Kò sí oṣù ogún, nítorí náà ẹ̀rọ fi tirẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà.

“Èmi ni mo kọ́ Ṣàíbù bí wọ́n ṣe ń kọ rẹ́jísítà,” ni Jemima wí. “Báwo ni tèmi ṣe wá pé lóṣù márùn-ún ṣáájú tirẹ̀?”

Dámilọ́lá rẹ́rìn-ín. “Bóyá ẹ gbàgbé ni, mà. Àgbà ti ń dé.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dun Jemima jù. Ó ní kó ṣí kàlẹ́ńdà orí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó padà sí oṣù kẹfà ọdún 1989. Dámilọ́lá ṣí i, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ tó jókòó lẹ́yìn dìde wá wò ó, ó sì fi ìka tọ́ka sí ọjọ́ kọkànlá.

“Ọmọ mi, o ní kọ̀ǹpútà kì í parọ́. Wá dárúkọ ẹni tó ṣí ọ́fíìsì yìí lọ́jọ́ Àìkú, tó fi gbà mí síṣẹ́.”