Ife Omi Bàbá Mi

Lẹ́tà H ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Ẹ̀yìn ló ń dùn mí tí mo fi lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ìgbà tí èsì máa jáde, wọ́n ti tẹ H sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà kan, láìsí àlàyé kankan. Ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù ní ó túmọ̀ sí pé nọ́ńbà náà ga, pé ọ̀rọ̀ kíndìnrín ni, kí n mú ìwé náà lọ bá dókítà. Kò tíì sọ ọ́ tán tó fi pe ẹni tó kàn.

Kíndìnrín ló pa bàbá mi. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí n fọkàn balẹ̀ ń fi àkókò ara rẹ̀ ṣòfò.

Kí ọkọ̀ trotro tó gbé mi láti Kaneshie dé ilé wa ní Darkuman, mo ti bi fóònù léèrè títí ó fi gbóná lọ́wọ́ mi. Ibi yòówù kí n ti bẹ̀rẹ̀, ibojì ló ń mú mi dé. Ẹsẹ̀ mi tó máa ń wú tí mo bá pẹ́ nídìí máṣíìnì ìránṣọ wá di àmì àìsàn. Kí n kàn yán, àmì ni. Inú ń bí mi sí fóònù náà, síbẹ̀ mi ò gbé e sílẹ̀.

Dókítà wo ìwé náà fìrí, ó ní ó kàn fi díẹ̀ ga ni. Díẹ̀ kẹ̀? Aránṣọ ni mí. Tí mo bá gé ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì kéré díẹ̀, ojú mi ni oníbàárà máa jù ú sí. Mo bi í bóyá kíndìnrín mi ti ń kú. Ó ní rárá. Mo tún bi í, ó tún ní rárá. Nígbà tí mo bi í lẹ́ẹ̀kẹta, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó bi mí bóyá mò ń mu omi.

“Ife kékeré kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́,” mo ní.

“Nínú ooru yìí?” Ó ní ara tó bá gbẹ lè mú kí nọ́ńbà náà gun òkè. “Kɔ nom nsuo,” ó ní. Kí n lọ máa mu omi bí èèyàn, kí n sì padà wá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ife yẹn ní ìtàn. Nígbà tí kíndìnrín bàbá mi daṣẹ́ sílẹ̀, omi kò rọ́nà jáde lára wọn mọ́, ẹsẹ̀ wú, ojú wú. Àwọn dókítà ìgbà náà ní kí ìyá mi máa wọn omi fún wọn. Ife páànù kékeré kan ni ìyá mi fi ń wọ̀n ọ́n. Bàbá mi á bẹ̀bẹ̀, ìyá mi á yíjú. Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá mi kó aṣọ bàbá mi fún ẹbí, ṣùgbọ́n wọn ò fi ife náà tọrẹ. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Láti ìgbà náà ni ife yẹn ti di òṣùwọ̀n gbogbo wa nílé.

“Dókítà ní kí n máa mu omi, Màámi.”

“Dókítà náà ló ní kí n má fún bàbá ẹ lómi,” ìyá mi dá mi lóhùn. “Èwo ni ká wá gbà gbọ́ nínú ẹ̀?”

Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, omi inú ọ̀rá tí mo ń rà lẹ́nu ìsọ̀ mi ni mò ń mu ní kọ̀rọ̀, tẹ̀rùtẹ̀rù. Tí mo bá délé, ìyá mi á fi ìka tẹ ẹsẹ̀ mi wò bóyá ó wú. Mo máa ń fà á yọ. Mà á ní mi ò tíì kú. Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi náà ṣe sọ.

Èsì kejì dé, kò sí H. Mo yí ìwé náà wo ẹ̀yìn, bóyá ibẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí. Dókítà ní ó ti dára. Mo ní ṣé ó dá a lójú. Ó rẹ́rìn-ín, inú sì tún bí mi.

Nígbà tí mo délé, mo kà á fún ìyá mi. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Wọ́n kàn lọ gbé ife náà wá, wọ́n jókòó, wọ́n ń yí i lọ́wọ́.

“Ká ní mo fún bàbá ẹ lómi nígbà yẹn,” ni wọ́n wí, “ṣé ì bá wà láyé?”

“Rárá, Màámi. Tiwọn yàtọ̀. Tèmi gbẹ ni. Omi ló kún ara tiwọn, tí kò rọ́nà jáde. Ohun tó yẹ lẹ ṣe.”

Wọ́n mi orí, wọ́n gbà. Bí mo ṣe ń tú kenkey tí a máa jẹ sínú abọ́, wọ́n tún bi mí. Mo tún ní rárá. Nígbà tí a jẹun tán, wọ́n ní ṣé ó dá mi lójú. Inú ti fẹ́ máa bí mi, torí mo mọ̀ pé wọ́n á tún bi mí lọ́la. Mo fa àpótí mi sún mọ́ wọn, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.